Ọjọ́ mẹ́ta ní Lisbon pẹ̀lú màmá tí orúnkún ń dùn: ibo ni kí ẹ dé?

Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń gbé ní Peckham, ní London: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti màmá mi ń lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Lisbon nínú oṣù Karùn-ún. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì máa ń dùn wọ́n. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti kọ orúkọ ibi bí ogún fún mi, orí ti ń dà mí rú. Èwo ni a kò gbọdọ̀ má rí? Ṣé òótọ́ ni pé tíráàmù 28, ọkọ̀ ojú irin kékeré inú ìlú, ni kí á kọ́kọ́ wọ̀? Ṣé ibì kankan sì wà níbẹ̀ tó kan ìtàn àwa ènìyàn dúdú?”

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò, ẹ bá mi kí màmá gan-an. Mo wo orúkọ ogún ibi náà. Kò sí èyí tó burú nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun yóò rí gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta kò ní rí ọ̀kan dáadáa, orúnkún màmá kò sì ní gbà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa mú àlejò káàkiri ìlú yìí. Kí a tó gbéra, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ọjọ́ kan sọ́kàn: ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 1755. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lisbon lọ́jọ́ náà yóò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń wò níbi gbogbo tó bá yà sí.

Àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́ ni ọjọ́ náà. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ti kọjá díẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́, àbẹ́là ń jó lórí gbogbo pẹpẹ. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Òrùlé òkúta já lu àwọn tó ń gbàdúrà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó rí ọ̀nà sá jáde forí lé etí odò Tejo, nítorí pé gbalasa ni ibẹ̀, kò sí ilé tí yóò wó lu ènìyàn. Omi odò fà sẹ́yìn títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi hàn, lẹ́yìn náà ló ru padà, ó sì gbá wọn lọ. Àbẹ́là tó ṣubú àti iná ìdáná tó tú ká di iná ńlá tó jó ìlú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ààfin ọba tó wà létí odò lọ, ti òun ti ilé ìkàwé rẹ̀. Ilé opera ọba, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ́dún yẹn gan-an, lọ pẹ̀lú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kú. Ọba José kò sí nínú ìlú láàárọ̀ yẹn, òun àti ìdílé rẹ̀ wà lápá Belém, ìyẹn ló kó wọn yọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù òrùlé òkúta bà á débi pé inú ààfin onípákó ló gbé lórí òkè Ajuda títí ó fi wàjà.

Nítorí náà, ibi tí màmá yóò ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ni gbàgede ńlá etí odò tí wọ́n ń pè ní Praça do Comércio. Terreiro do Paço, ìyẹn iwájú ààfin, ni àwọn ará Lisbon ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààfin náà ti lọ láti 1755. Réluwéè abẹ́ ilẹ̀ dé ibẹ̀, gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú. Ẹ jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí i ká, kí ẹ wo ère Ọba José lórí ẹṣin láàárín gbàgede. Ọdún 1775 ni wọ́n ṣí i, ogún ọdún lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀, láti fi sọ fún ayé pé ìlú ti dìde. Gbàgede yìí kan náà ni wọ́n ti yìnbọn pa Ọba Carlos àti àrẹ̀mọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 1908. Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà tí Portugal fi bọ́ lọ́wọ́ ọba pátápátá.

Ẹ̀yìn gbàgede náà ni àdúgbò Baixa bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń sáré lọ sí òkè kì í kà á sí, wọ́n rò pé òpópónà ìtajà lásán ni. Mínísítà ọba, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Marquês de Pombal, ló ní kí wọ́n pa àwókù ibẹ̀ rẹ́, kí wọ́n sì la òpópónà tuntun gbọọrọ tó bá ara wọn mu. Wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ sọ àwọn kan lórúkọ: ti alágbẹ̀dẹ wúrà, ti alágbẹ̀dẹ fàdákà, ti àwọn tó ń ṣe bàtà. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ẹ kò ní fi ojú rí. Inú ògiri àwọn ilé náà ni wọ́n fi igi dábùú ara wọn sí, kí ilé lè mì pẹ̀lú ilẹ̀ tí ilẹ̀ bá tún mì, kó má wó. “Gaiola” ni wọ́n ń pè é, bí ẹní ṣe àgò. Ó wà lára àwọn ìgbà àkọ́kọ́ tí ìlú kan ní Yúróòpù kọ́ ilé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nítorí ìmìtìtì ilẹ̀.

Láti Baixa, ọ̀pọ̀ àlejò máa ń tò síwájú Elevador de Santa Justa, lífítì onírin gíga tí wọ́n ṣí ní 1902. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìdúró, ẹ má fi ìyẹn jẹ màmá níyà. Ohun tí èmi máa ń ṣe rèé: ẹ wọ ibùdó réluwéè Baixa-Chiado lápá ìsàlẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí àtẹ̀gùn oníná gbé yín gba ẹnu ọ̀nà Chiado jáde. Ẹ ti gun òkè náà láìgbé ẹsẹ̀. Láti ibẹ̀, ìrìn díẹ̀ ló kù sí Largo do Carmo, ẹ ó sì lè rin orí afárá tó já sí òkè lífítì náà láìdúró lórí ìlà kankan.

Ìwọ̀nba ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ fò tí mo bá kà, Carmo wà nínú wọn. Jagunjagun ńlá Nuno Álvares Pereira ló dá ilé àwọn mọ́ńkì yìí sílẹ̀ ní 1389. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wó ní 1755, wọn kò sì bo àárín rẹ̀ mọ́ títí dòní. Ẹ ó wọlé, ẹ ó rí àwọn òpó tó nà sókè, ẹ ó rí egungun òrùlé lásán, ojú sánmà ni yóò sì wà lókè orí yín. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ nípa ọjọ́ náà, ẹ ó fi ojú ara yín rí i níbẹ̀. Ìta rẹ̀, lábẹ́ igi, ibi ìjókòó wà fún màmá. Níbẹ̀ náà, nínú bárékè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ni Marcelo Caetano, olórí ìjọba Portugal nígbà náà, ti gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn sójà ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1974, ọjọ́ tí àwọn ènìyàn ki òdòdó pupa bọ ẹnu ìbọn. Kì í ṣe Portugal nìkan ni ọjọ́ yẹn tú sílẹ̀. Ogun tí wọ́n ń jà ní Àngólà, Mòsáńbíìkì àti Guinea-Bissau ló sú àwọn sójà náà, láàárín nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sì ni gbogbo ilẹ̀ tí Portugal dì mú ní Áfíríkà gba òmìnira.

Ìbéèrè yín nípa ìtàn àwa ènìyàn dúdú, mo dúpẹ́ pé ẹ bi í, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ìrìn àjò kì í sọ ọ́. Ní àárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, bí ènìyàn bá ka ará Lisbon mẹ́wàá, ọ̀kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹrú, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹrú náà sì ti Áfíríkà wá. Àwọn ló ń pọn omi, àwọn ló ń da ìdọ̀tí nù, àwọn ló ń kun ilé lẹ́fun. Òpópónà kan wà nítòsí São Bento tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rua do Poço dos Negros, kànga àwọn ènìyàn dúdú. Ní 1515, Ọba Manuel kọ̀wé pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn kan tí wọn yóò máa ju òkú ẹrú sí, nítorí pé àwọn olówó wọn ń sọ òkú wọn síta fún ajá. Kò sí ohun púpọ̀ láti wò níbẹ̀ lónìí, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù ni. Àmọ́ tí ẹ bá ń kọjá níbẹ̀, kí ẹ mọ ilẹ̀ tí ẹ tẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ mú màmá dé ni ṣọ́ọ̀ṣì São Domingos, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbàgede Rossio, ní ìsàlẹ̀ tó tẹ́jú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni àwọn ènìyàn dúdú, ẹrú àti òmìnira, ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, ẹgbẹ́ Ìyá Wa Màríà ti Rosary. Ẹgbẹ́ náà ń bójú tó ìsìnkú ọmọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ń jà kí ẹrú lè ra ara rẹ̀ padà. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa tí wọ́n kó lọ sí Brazil wá bá lọ́hùn-ún nígbà tó yá. Ìmìtìtì ilẹ̀ 1755 ba ṣọ́ọ̀ṣì náà jẹ́, wọ́n tún un kọ́, iná sì tún jó inú rẹ̀ ní 1959. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà ní 1994, wọ́n fi àwọn òpó tí iná ti là lára sílẹ̀ bí wọ́n ṣe rí. Inú rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Èmi kò tíì mú ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀ kó má dákẹ́. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó rí òkúta ìrántí àwọn Júù tí wọ́n fi ipá mú di Kristẹni, tí àwọn èrò sì pa nípakúpa ní 1506. Gbàgede kékeré yẹn náà ni àwọn ará Guinea-Bissau àti àwọn ọmọ Áfíríkà mìíràn ti ń pàdé lójoojúmọ́. Wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń ṣòwò, ẹ lè rí obì rà lọ́wọ́ wọn. Ẹ kí wọn, wọn yóò dá yín lóhùn.

Ọjọ́ kejì, ẹ fún Belém. Ọkọ̀ ojú irin láti Cais do Sodré yára ju tíráàmù 15 lọ, kì í sì í kún tó o. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé, nítorí ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni wọ́n máa ń tì. Ẹ tètè dé, kí ẹ kọ́kọ́ wọ ilé àwọn mọ́ńkì Jerónimos kí bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò tó já èrò. Ọba Manuel ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1501, lẹ́yìn tí Vasco da Gama ti Íńdíà dé. Owó tí wọ́n fi kọ́ ọ ni ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà tó ń ti Áfíríkà àti Íńdíà wọlé: ata, èròjà olóòórùn dídùn, wúrà. Nígbà tí ẹ bá rí okùn ọkọ̀ ojú omi àti ewéko òkun tí àwọn agbẹ́kùúta gbẹ́ sára òpó, ẹ ó mọ ibi tí owó náà ti wá. Ibojì Vasco da Gama wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìloro tó yí àgbàlá ká ní ìpele méjì, ìpele ìsàlẹ̀ nìkan sì ti tó fún màmá. Kò sí iṣẹ́ òkúta tó jọ ọ́ ní ìlú yìí, mo sì lè sọ bẹ́ẹ̀ láìmikàn. Ìmìtìtì ilẹ̀ kò wó o.

Ilé ìṣọ́ Belém tó wà létí omi, tí wọ́n kọ́ láàárín 1514 sí 1519, dára láti ìta ju inú lọ. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ há, ó ń yí po, kì í ṣe ti orúnkún tó ń dùn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ilé ìṣọ́ kékeré ìgun rẹ̀ kan, ẹ ó rí orí àgbáǹréré tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, tí afẹ́fẹ́ omi ti ń jẹ. Àgbáǹréré kan ti Íńdíà wọ Lisbon lóòótọ́ ní 1515. Ọba Manuel ní kí wọ́n kó ẹranko náà àti erin pàdé kí òun wo èyí tí yóò borí, erin sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n ń gbé ẹranko náà lọ fún Póòpù, ọkọ̀ rì, ó bá ọkọ̀ lọ.

Láàárín méjèèjì ni ère òkúta ńlá Padrão dos Descobrimentos wà, èyí tí wọ́n fi kọnkéré àti òkúta kọ́ ní 1960 láti yin àwọn awakọ̀ òkun. Ọmọba Henrique ló ṣíwájú gbogbo wọn. Ẹ wò ó, ó tóbi, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ tún mọ̀ pé ní 1444, ní ìlú Lagos ní gúúsù Portugal, tí orúkọ rẹ̀ bá ti Èkó dọ́gba, Henrique jókòó lórí ẹṣin wo bí wọ́n ṣe ń pín àwọn ẹrú Áfíríkà tó lé ní igba, tí wọ́n ń ya ìyá kúrò lára ọmọ, ó sì gba ìdá kan nínú márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ìpín tirẹ̀. Kò sí ohun tó sọ èyí lára ère náà. Mo máa ń sọ ọ́ sókè níbẹ̀, kí àwọn ọmọdé tó wà pẹ̀lú wa lè gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ jẹun. Ilé Pastéis de Belém ti ń ṣe kéèkì kékeré ẹlẹ́yin wọn láti 1837, láti inú ìlànà tí wọ́n ní ó ti ilé àwọn mọ́ńkì wá. Ìlà tí ẹ ó rí níta, ti àwọn tó ń rà lọ sílé ni. Ẹ wọlé, ẹ kọjá sínú, yàrá ń bẹ nínú yàrá níbẹ̀, ẹ ó rí ijókòó. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Fún oúnjẹ gidi, ẹ bá màmá béèrè bacalhau, ìbátan pánla wa, àmọ́ iyọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú tirẹ̀. Wọn yóò fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni ti mùsíọ́ọ̀mù àti òkè. Tí ọ̀kan ṣoṣo bá máa ṣeé ṣe, ẹ lọ sí Museu Nacional de Arte Antiga, ní òpópónà Janelas Verdes. Ẹ béèrè ibi tí iṣẹ́ eyín erin Áfíríkà wà. Ìkòkò iyọ̀ kan wà níbẹ̀ tí àwọn agbẹ́gilére Bìní gbẹ́ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún fún àwọn ọlọ́lá Portugal. Ó kéré, ẹni tó bá ń kánjú yóò kọjá rẹ̀. Àwọn ọdún 1480 ni Ọba Bìní ti rán olórí Ughoton, ìlú èbúté Bìní, gẹ́gẹ́ bí ikọ̀ sí Ọba João Kejì ní Portugal, tí wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹ̀bùn dá a padà. Ìbáṣepọ̀ ọba sí ọba ló kọ́kọ́ wà, kí òwò ẹrú tó gba gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú ilé kan náà, àwọn Ará Japan ti ya àwòrán àwọn ará Portugal tó bá ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ ó sì rí ènìyàn dúdú láàárín àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Tí Museu do Azulejo bá ṣí nígbà tí ẹ bá dé, àwòrán Lisbon gígùn tó tó mítà 23 wà níbẹ̀ lórí táìlì aláró, bí ìlú ṣe rí kí 1755 tó dé. Iṣẹ́ àtúnṣe pọ̀ ní ìlú yìí, wọ́n ti ilé ìṣọ́ Belém fún irú rẹ̀ ní 2025, nítorí náà ẹ yẹ íntánẹ́ẹ̀tì wò nípa ibi kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ó wá ku tíráàmù 28. Rárá, ẹ má fi í ṣe àkọ́kọ́. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ga, èrò máa ń há sínú rẹ̀ láti Martim Moniz, àwọn tó ń yọ nǹkan lápò ènìyàn sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Tí ọkàn màmá bá fà sí i, ẹ lọ wọ̀ ọ́ ní òpin rẹ̀ kejì ní Campo de Ourique kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, ẹ ó rí ibi jókòó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bọ́ọ̀sì 737 láti Praça da Figueira yóò gbé yín gun òkè dé ẹnu ọ̀nà ilé odi São Jorge. Èmi kì í fi dandan mú ènìyàn wọ inú ilé odi náà. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀ ni wọ́n tún mọ ní àwọn ọdún 1930 sí 1940, owó ìwọlé rẹ̀ kò sì kéré. Portas do Sol tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀, ó tẹ́jú, ijókòó wà, gbogbo òrùlé pupa Alfama sì tẹ́ sílẹ̀ lójú yín dé odò. Alfama ni àdúgbò àtijọ́ tí ìmìtìtì ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí mú, nítorí orí àpáta ló jókòó sí. Ẹ wò ó láti òkè, kí ẹ sì jẹ́ kí tákísí gbé màmá sọ̀ kalẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ máa ń yọ̀, pàápàá tí òjò bá fọ́n.

Elevador da Glória, ọkọ̀ ojú irin tí okùn irin ń fà gun òkè, tó wà lára ogún ibi yín, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó já ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ènìyàn 16 kú, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ìlú Sintra náà, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà mìíràn, gbogbo rẹ̀ ni òkè. Cristo Rei, ère ńlá Jésù tó wà ní òdìkejì odò, ẹ ó rí i láti Praça do Comércio láìwọ ọkọ̀.

Ní ti ilé tí ẹ ó sùn, Baixa tàbí ẹ̀bá Rossio ni kí ẹ wá, kí ẹ sì béèrè kí ẹ tó sanwó bóyá lífítì wà nínú ilé náà. Àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ sábà máa ń ní àjà mẹ́rin tàbí márùn-ún, àtẹ̀gùn onígi sì ni púpọ̀ nínú wọn ní.